CYP51: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Ẹ́ńsáìmù Àtayébáyé Kan Tó Wà Nínú Ènìyàn, Nínú Ewéko àti Nínú Làpálàpá

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ báyọ́lọ́jì, àwọn òṣìṣẹ́ láàbù, àti àwọn tó kàn fẹ́ mọ ohun tó wà nínú krímù tí wọ́n fi ń pa ara ló sábà máa ń béèrè àwọn nǹkan wọ̀nyí. Ìdáhùn kan gùn torí pé ọ̀rọ̀ pọ̀ níbẹ̀. Gbólóhùn mélòó kan ti tó fún òmíràn.

Kí ni CYP51 gan-an?

Ẹ́ńsáìmù ni, ìyẹn purotéènì tí sẹ́ẹ̀lì fi ń sọ ohun kan di òmíràn. Iṣẹ́ tiẹ̀ wà lójú ọ̀nà tí ara ń gbà ṣe sterol, àwọn ọ̀rá líle tí cholesterol jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Cholesterol ni sterol tí ènìyàn àti ẹranko ń lò. Ergosterol ni ti fọ́ńgọ́ọ̀sì: olú inú igbó, ìwúkàrà, ohun tó ń mú búrẹ́dì bu, ohun tó ń fa làpálàpá, ẹbí kan náà ni gbogbo wọn. Sitosterol àti stigmasterol ló pọ̀ jù nínú ewéko. Ibi tí kálukú ń lọ kò dọ́gba, àmọ́ ibì kan wà lójú ọ̀nà tí gbogbo wọn gbọ́dọ̀ gbà kọjá, CYP51 ló sì wà níbẹ̀.

Jíìnì tó ń ṣe é nínú ènìyàn, CYP51A1, wà lórí krómósómù keje. Ẹ̀dà rẹ̀ méjì tí kò ṣiṣẹ́ mọ́ wà lórí krómósómù kẹta àti ìkẹtàlá. Kò sí ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀. A kàn ń gbé wọn kiri ni.

Orúkọ wo nìyẹn?

CYP dúró fún cytochrome P450, ẹ̀yà ńlá kan nínú àwọn ẹ́ńsáìmù tó ní irin láàárín. Tí afẹ́fẹ́ carbon monoxide bá lẹ̀ mọ́ irin yìí, ìmọ́lẹ̀ tí ẹ́ńsáìmù náà ń gbà mọ́ra jù ni èyí tí ìgbì rẹ̀ gùn tó nánómítà 450. Tsuneo Omura àti Ryo Sato ní Japan ló fún un ní orúkọ P450 ní 1962. 51 jẹ́ nọ́ńbà ẹbí.

Ohun kan wà níbẹ̀ tó yẹ ká mẹ́nu bà. Òfin àwọn tó ń fún P450 lórúkọ ni pé kí àwọn tó bá máa wà nínú ẹbí kan náà jọra tó 40 nínú 100, ó kéré tán. CYP51 ènìyàn àti ti ewéko kò dé ibẹ̀ rárá, síbẹ̀ wọn ò yà wọ́n, nítorí iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe. Lẹ́tà ni wọ́n fi ń mọ ilé kálukú: A fún ẹranko, B fún bakitéríà, E fún àwọn kòkòrò oní-sẹ́ẹ̀lì kan bíi trypanosome, tó ń fa sunrunsunrun, F fún fọ́ńgọ́ọ̀sì, G fún ewéko.

Iṣẹ́ wo ló ń ṣe? Ẹ jẹ́ ká rí i dáadáa.

Ẹ mú ti ènìyàn. Ara máa ń kọ́kọ́ ṣe ohun gígùn kan tó ń jẹ́ squalene, ó fi ọ́síjìn kan sí i lórí, lẹ́yìn náà ó ká a kò títí ó fi di òrùka mẹ́rin tó so pọ̀. Ìyẹn ni lanosterol, kábọ́ọ̀nù rẹ̀ jẹ́ 30. Cholesterol kò ní ju 27 lọ. Ó ku kábọ́ọ̀nù mẹ́ta tí a gbọ́dọ̀ yọ, èyí tí CYP51 sì ń yọ ni methyl (kábọ́ọ̀nù kan pẹ̀lú háídírójìn mẹ́ta) tó wà lórí kábọ́ọ̀nù kẹrìnlá.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló fi ń yọ ọ́. Ní àkọ́kọ́, irin inú rẹ̀ gba ọ́síjìn, ó sì sọ methyl náà di ọtí, ìyẹn alcohol. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, ọtí di aldehyde. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ìsopọ̀ láàárín kábọ́ọ̀nù méjèèjì já, ohun tó já náà sì jáde gẹ́gẹ́ bí formic acid, ásíìdì kan náà tí àwọn èèrà kan fi ń ta ènìyàn. Ọ́síjìn mẹ́ta àti NADPH mẹ́ta, ohun tí sẹ́ẹ̀lì fi ń gbé agbára fún irú iṣẹ́ yìí, ni iṣẹ́ náà gbà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò di dandan kí sterol náà jáde kúrò nínú ihò ẹ́ńsáìmù, kí ó tún wọlé. Igun kan náà lórí rẹ̀ ni wọ́n ń gbá lẹ́ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀pọ̀ P450 tó wà nínú ẹ̀dọ̀ wa kò ṣọ́ra bẹ́ẹ̀: oríṣiríṣi oògùn ni wọ́n ń gbá, níbi tí ọwọ́ wọn bá ti bà á.

Kí ló dé tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ná owó tó tó yẹn sórí kábọ́ọ̀nù kan ṣoṣo?

Nítorí ibi tí kábọ́ọ̀nù náà wà ni. Sterol máa ń há sáàárín àwọn ọ̀rá inú awọ sẹ́ẹ̀lì, ó sì nílò ẹ̀gbẹ́ tó tẹ́jú kí ó lè sún mọ́ wọn pẹ́kípẹ́kí. Methyl orí kábọ́ọ̀nù kẹrìnlá yọ sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ náà bí kókó. Lanosterol kì í há sí ibẹ̀ dáadáa, awọ sẹ́ẹ̀lì tó bá kún fún un kì í le bí ó ti yẹ.

Konrad Bloch, tó gba ẹ̀bùn Nobel pẹ̀lú Feodor Lynen ní 1964 lórí bí ara ṣe ń ṣe cholesterol àti ọ̀rá, ló mú ọ̀rọ̀ yìí lọ síwájú jù. Ó ní kí a wo ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀nà yìí bí ìtàn: lanosterol ti fìgbà kan jẹ́ òpin ọ̀nà fún àwọn ẹ̀dá kan, nígbà tí ẹ̀dá mìíràn rí bí a ṣe ń yọ methyl, awọ sẹ́ẹ̀lì tiẹ̀ dára jù, ó sì borí. Ohun tí ó jẹ́ àárín ọ̀nà lónìí jẹ́ òpin ọ̀nà láyé àtijọ́. Èrò tó dùn ún gbọ́ ni, àmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún kò sí ẹni tó rí ẹ̀rí rẹ̀ nínú òkúta.

Ṣé wọ́n wá rí i?

Wọ́n rí i, lẹ́yìn tí Bloch ti kú ní 2000. Ní 2023, àwọn onímọ̀ tí Jochen Brocks ti Australian National University ṣáájú kéde pé àwọn bá ìyókù irú sterol àkọ́kọ́ bẹ́ẹ̀ nínú àpáta. Lára àpáta náà ni ti Barney Creek ní àríwá Australia, tó ti pé 1.64 bílíọ̀nù ọdún. Àwọn tó ṣáájú wọn ń wá ìyókù sterol òde òní níbẹ̀, wọn ò rí i, wọ́n sì rò pé ibẹ̀ ṣófo. Àwọn Brocks wá ohun tí lanosterol àti àwọn ará ilé rẹ̀ máa ń dà tí wọ́n bá pẹ́ nínú ilẹ̀. Ó kún ibẹ̀ fọ́fọ́.

Èyí túmọ̀ sí pé àwọn ẹ̀dá kan gbé ayé fún ìgbà pípẹ́ gan-an pẹ̀lú sterol tí a kò tíì yọ gbogbo methyl rẹ̀. Gbogbo wọn ti kú run. Àwọn tó fi CYP51 parí iṣẹ́ ló bí àwa, ìwúkàrà àti igi ìrókò.

Ọdún mélòó ni CYP51 fúnra rẹ̀?

Kò sí ìwé ìbí fún jíìnì. Ohun tí a lè ṣe ni kí a pààlà yí i ká. Ààlà kan ni ọ́síjìn. Ẹ bá mi kà á láti squalene dé cholesterol: ọ́síjìn kan kí squalene tó lè ká, mẹ́ta fún CYP51, mẹ́fà fún methyl méjì tó kù, ọ̀kan fún ìsopọ̀ onílọ́po méjì tó gbẹ̀yìn. Mọ́kànlá nìyẹn fún ẹyọ cholesterol kan. Ẹ̀dá wo ló lè ṣe irú iṣẹ́ yìí kí ọ́síjìn tó wà nínú ayé? Ọ́síjìn sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ sí i nínú afẹ́fẹ́ ní nǹkan bí 2.4 sí 2.3 bílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn.

Ààlà kejì ni pé ẹranko, ewéko, fọ́ńgọ́ọ̀sì àti trypanosome ló ní i. Bí ẹ̀ka tó jìnnà síra tó báyìí bá ní ohun kan náà, baba ńlá gbogbo wọn ti ní i kí wọ́n tó pín. Nínú gbogbo ẹbí P450, èyí ni ẹbí kan ṣoṣo tí a rí tó ṣì ń ṣe iṣẹ́ kan náà láti bakitéríà dé ọ̀dọ̀ ènìyàn.

Ẹ ní bakitéríà. Ṣé ọ̀dọ̀ wọn ló ti wá?

Àríyànjiyàn ńlá ni èyí, mo sì máa sọ ibi tí mo dúró sí.

Kòkòrò tó ń fa ikọ́ ẹ̀gbẹ, Mycobacterium tuberculosis, ní jíìnì CYP51. Nígbà tí wọ́n rí i, ọ̀pọ̀ ènìyàn pariwo pé a ti rí baba ńlá. Ti kòkòrò yìí tilẹ̀ ni CYP51 àkọ́kọ́ tí wọ́n ya àwòrán ara rẹ̀ tán, ní 2001. Ó ń ṣiṣẹ́ lórí lanosterol tí wọ́n bá fún un ní láàbù. Àmọ́ kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ kì í ṣe sterol. Cholesterol wa ló ń jẹ, ẹ́ńsáìmù mìíràn ló sì fi ń jẹ ẹ́.

Methylococcus capsulatus, bakitéríà tó ń jẹ gáàsì methane, ń ṣe sterol ní tòótọ́, ó sì ní CYP51 tó so mọ́ purotéènì tó ń gbé ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù wá fún un, bíi pé wọ́n jó wọn pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn methyl méjì tó kù, àwọn tó wà lórí kábọ́ọ̀nù kẹrin: ẹ́ńsáìmù tí bakitéríà yìí fi ń yọ ọ̀kan nínú wọn yàtọ̀ pátápátá sí tiwa, gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2018 ṣe fi hàn. Ẹni tó bá jogún odindi ọ̀nà kan látọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ kì í lo irinṣẹ́ bàbá ní ibì kan, kó lo ti àjèjì ní ibòmíràn. Lójú tèmi, ó jọ pé jíìnì ti ń rìn láti ọwọ́ dé ọwọ́ láàárín àwọn ẹ̀dá tí kò bára wọn tan, àti pé CYP51 inú bakitéríà kan jẹ́ èyí tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn tó jọ wá. Àwọn onímọ̀ kan ò gbà bẹ́ẹ̀.

Báwo ni ara rẹ̀ ṣe yí padà tó bẹ́ẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ kò sì yí?

Tí a bá to amínò ásíìdì, àwọn ègé tí wọ́n fi ń kọ́ purotéènì, ti CYP51 ẹranko sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ewéko tàbí ti bakitéríà, nǹkan bí 22 sí 30 nínú 100 ló bára mu. Ìyókù ti yàtọ̀. Ṣùgbọ́n tí a bá wo àwòrán wọn, ìrísí kan náà ni, ìká kan náà, irin kan náà tí amínò ásíìdì cysteine dì mú lábẹ́. Bí ọkọ́ ni: ẹ̀rú rẹ̀ lè gùn ní ìlú kan, kó tẹ̀ ní ìlú kejì, ojú irin tó kọ sílẹ̀ ni kò gbọ́dọ̀ yí.

Àwọn ibi tí kò yí jù ni àwọn ibi tó kan sterol lára. Ibẹ̀ náà ni ìyàtọ̀ kékeré ti ń sọ̀rọ̀ ńlá. Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí, mo fẹ́ràn rẹ̀ ju gbogbo yòókù lọ. Trypanosoma brucei, tó ń fa sunrunsunrun ní Áfíríkà, àti Trypanosoma cruzi, tó ń fa àrùn Chagas ní Gúúsù Amẹ́ríkà, jẹ́ ìbátan tímọ́tímọ́. Ní ipò 105 nínú CYP51 wọn, phenylalanine ni ti brucei, isoleucine ni ti cruzi. Phenylalanine náà ló wà níbẹ̀ nínú ewéko. Ìyẹn ló mú kí ti brucei àti ti ewéko fẹ́ràn sterol tí wọ́n ti yọ ọ̀kan nínú methyl orí kábọ́ọ̀nù kẹrin rẹ̀, bí obtusifoliol. Nígbà tí ẹgbẹ́ Galina Lepesheva ní Vanderbilt University, Amẹ́ríkà, pààrọ̀ isoleucine cruzi sí phenylalanine, ẹ́ńsáìmù náà bẹ̀rẹ̀ sí í hùwà bíi ti ewéko. Amínò ásíìdì kan ṣoṣo nínú bí ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta!

Ṣé gbogbo ẹ̀dá ló ní CYP51?

Rárá. Kòkòrò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà kò ní in. Eṣinṣin, oyin, èèrà, kò sí èyí tó lè ṣe sterol nínú wọn. Inú oúnjẹ ni wọ́n ti ń rí i. Oyin ń rí i nínú ìyẹ̀fun òdòdó. C. elegans, aràn kékeré tí wọ́n ń lò ní láàbù, náà kò ní in. Baba ńlá wọn ní i, wọ́n sọ ọ́ nù lọ́nà. Ibi tí oúnjẹ bá ti ń pèsè ohun kan lójoojúmọ́, jíìnì ohun náà kì í pẹ́ bàjẹ́.

Ṣé kò sí ọmọ kankan nínú ẹbí yìí tó lọ ṣe iṣẹ́ mìíràn?

Ọ̀kan wà nínú ọ́òtì, ọ́òtì yìí náà tí wọ́n ń tà nínú agolo. Gbòǹgbò rẹ̀ máa ń ṣe oró kan tó ń jẹ́ avenacin, tó ń pa fọ́ńgọ́ọ̀sì inú ilẹ̀ tó bá fẹ́ jẹ ẹ́. Avenacin máa ń tàn búlúù lábẹ́ iná ultraviolet. Àwọn onímọ̀ ní Norwich, England, to èéhù ọ́òtì lábẹ́ iná yìí, wọ́n sì ń ṣa àwọn tí gbòǹgbò wọn kò tàn. Ọ̀kan nínú jíìnì tó bàjẹ́ nínú àwọn tí kò tàn ni Sad2, nígbà tí wọ́n sì kà á, CYP51 ni! Wọ́n pè é ní CYP51H10. Ọ́òtì ní èyí tó ń ṣe sterol lọ́tọ̀. Ẹ̀dà yìí ti fi sterol sílẹ̀, β-amyrin, ohun tí ọ́òtì fi ń ṣe avenacin, ló ń gbá, ó sì ń gbá a ní ibi méjì.

Ṣé òun ni oògùn cholesterol tí dókítà ń fún àwọn àgbàlagbà ń dí?

Rárá o. Statin ni ìyẹn, ẹ́ńsáìmù HMG-CoA reductase ló ń dí, tó wà níwájú pátápátá lójú ọ̀nà.

Oògùn wo ló wá ń dí CYP51?

Àwọn tí orúkọ wọn parí sí -conazole, pẹ̀lú clotrimazole: ketoconazole, fluconazole, itraconazole, voriconazole, posaconazole. Azole ni wọ́n ń pè gbogbo wọn. Naitrójìn kan lára oògùn náà máa ń so mọ́ irin inú ẹ́ńsáìmù, ọ́síjìn kò sì ní ráyè jókòó mọ́. Ergosterol á gbẹ, sterol tí kò tíì pé á sì kóra jọ. Nínú Candida, fọ́ńgọ́ọ̀sì kan tó máa ń gbé lára ènìyàn, lára ohun tó ń kóra jọ náà jẹ́ oró fún un. Síbẹ̀ fluconazole kì í sábà pa Candida, ó kàn ń dá a dúró ni. Ìdí kan nìyí tí kò fi yẹ kí ẹ dá oògùn náà dúró lọ́jọ́ tí ara bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fúyẹ́.

Tó bá jẹ́ pé àwa náà ní CYP51, báwo ni oògùn náà kò ṣe pa wá?

Ìbéèrè tó yẹ kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ béèrè nìyí. CYP51 tiwa kì í di fluconazole mú bíi ti Candida. Ó gba kí oògùn náà pọ̀ gan-an kí ó tó lè dí tiwa. Àwa sì ń rí cholesterol nínú oúnjẹ pẹ̀lú.

Kò túmọ̀ sí pé ewu kò sí. Ketoconazole tí a ń gbé mì máa ń dí àwọn P450 mìíràn nínú wa, títí kan àwọn tó ń ṣe họ́mónù, ó sì lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Ní 2013, àwọn aláṣẹ oògùn ní Yúróòpù ní kí wọ́n dá a dúró, Amẹ́ríkà sì dín ìlò rẹ̀ kù gidigidi. Ti krímù àti ọṣẹ yàtọ̀.

Aláboyún ńkọ́?

Ọmọ inú oyún nílò cholesterol tí ara rẹ̀ ń ṣe. Ọmọ eku tí wọ́n bá mú CYP51 kúrò lára rẹ̀ pátápátá máa ń kú nínú oyún, ní nǹkan bí ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, ọkàn rẹ̀ kò ní dára, egungun rẹ̀ pẹ̀lú. Ní 2011, FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ pé lílo fluconazole tó tó 400 sí 800 mílígírámù lójúmọ́ fún ìgbà pípẹ́ ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ lè ba ọmọ jẹ́. Kí aláboyún má ra azole tí a ń gbé mì lọ́wọ́ onílé-oògùn láìjẹ́ pé dókítà tó mọ̀ pé oyún wà ló kọ ọ́.

Kí ló dé tí oògùn náà kì í ṣiṣẹ́ fún àwọn kan mọ́?

Nítorí CYP51 fọ́ńgọ́ọ̀sì ṣì ń yí padà. Nínú Candida albicans, tí tyrosine ipò 132 bá di phenylalanine, fluconazole kò ní lè dì í mú dáadáa, sterol á sì ṣì máa wọlé. Irú ìyípadà kan náà ló wà nínú Candida auris, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣàpèjúwe ní Japan ní 2009, láti inú etí aláìsàn kan.

Ti Aspergillus fumigatus, fọ́ńgọ́ọ̀sì inú afẹ́fẹ́ tó lè mú ẹ̀dọ̀fóró, ló yẹ kó bí wa nínú. Àwọn tí kò lo azole rí láyé wọn ń wá sí ilé ìwòsàn pẹ̀lú Aspergillus tí azole kò ràn. Ibo ni fọ́ńgọ́ọ̀sì náà ti kọ́ ọ? Lóko ni. Azole náà ni àwọn àgbẹ̀ ń fọ́n sórí àlìkámà, tí wọ́n ń rẹ ìsù òdòdó túlíìpù sí. Ní Netherlands, láti ìparí àwọn ọdún 1990, wọ́n ti rí ẹ̀yà kan tó ń jẹ́ TR34/L98H: lẹ́tà 34 nínú DNA tún ara wọn kọ níwájú jíìnì cyp51A, tó mú kí ẹ́ńsáìmù pọ̀ sí i, leucine ipò 98 sì di histidine. Ó ti tàn ká ayé báyìí. Ní 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi A. fumigatus, C. albicans, C. auris àti Cryptococcus neoformans sí ipò tó le jù nínú àkójọ fọ́ńgọ́ọ̀sì tó yẹ ká bẹ̀rù.

Krímù onímẹ́ta tí wọ́n ń tà lọ́jà ńkọ́? Ó máa ń tètè mú làpálàpá lọ.

Ẹ ka ẹ̀yìn páálí rẹ̀. Ẹ óò rí azole kan, oògùn bakitéríà kan, àti steroid líle bíi clobetasol. Steroid náà ló ń mú kí yíyún dáwọ́ dúró kíákíá, òun náà ló ń bọ́ ara, tó sì ń dá àwọn ọmọ ogun ara dúró. Làpálàpá á fẹ̀ sí i lábẹ́ rẹ̀ láìyún, fọ́ńgọ́ọ̀sì á sì máa bá azole gbé pọ̀ pẹ́ títí. Clotrimazole lásán, tí ẹ bá fi sùúrù lò ó fún iye ọ̀sẹ̀ tí wọ́n kọ sí i, sàn jù ú lọ.

Ṣé azole kò lè wo Chagas àti sunrunsunrun, nígbà tí kòkòrò wọn ní CYP51?

Ìrètí ńlá wà lórí ti Chagas. Posaconazole pa T. cruzi dáadáa nínú ìgò àti nínú eku. Àmọ́ àyẹ̀wò lára ènìyàn tí wọ́n ṣe ní Spain, tí wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2014, kò dára: kòkòrò náà padà sínú ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn lẹ́yìn ìtọ́jú, benznidazole, oògùn Chagas àtijọ́, sì ṣe jù ú lọ.

Ní ti T. brucei, nígbà tó bá wà nínú ẹ̀jẹ̀, cholesterol wa ló ń fà mu. Fexinidazole, oògùn tí a ń gbé mì fún sunrunsunrun lónìí, kò gba ọ̀dọ̀ CYP51 kọjá rárá. Tógò ni orílẹ̀-èdè Áfíríkà àkọ́kọ́ tí Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí sí, ní 2020, pé sunrunsunrun kì í ṣe ìṣòro ìlera gbogbo ìlú níbẹ̀ mọ́; ṣíṣe àyẹ̀wò fún àwọn ará abúlé àti pípa eṣinṣin tsetse ló ṣe iṣẹ́ náà jù.

Ibo ni mo ti lè fojú ara mi rí i?

Lórí Protein Data Bank, ìkànnì tí wọ́n ń kó àwòrán purotéènì sí, ọ̀fẹ́ ni, fóònù náà lè ṣí i. Ẹ tẹ 3LD6 fún ti ènìyàn pẹ̀lú ketoconazole, tàbí 1EA1 fún ti ikọ́ ẹ̀gbẹ pẹ̀lú fluconazole. Ẹ wá irin tó wà láàárín heme, ìyẹn òrùka tó di irin náà mú, kí ẹ fẹ ibẹ̀ lójú. Naitrójìn oògùn náà ló kọjú sí i tààrà.